Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Títún Kọ́ńtírásì Kámẹ́rà Ṣe Lábẹ́ Oòrùn Agbonou

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ̀yin ayàwòrán àti aráàlú Agbonou, lẹ́bàá Atakpamé ní Tógò, kéré lójú. Ìlà kan ṣoṣo ni nínú mẹ́nù kámẹ́rà. Èyí tó bá ń sọ Faransé yóò kọ "Contraste" síbẹ̀, èyí tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ "Contrast". Ọ̀pọ̀ nínú wa kò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí a ti ra kámẹ́rà. Ibi tí ilé iṣẹ́ gbé e sí náà ló wà títí dòní. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlà yẹn wà lára ohun tó ń pinnu bóyá a ó rí ojú ẹni tí a yà, tàbí aṣọ rẹ̀ nìkan la ó rí. Ibi tí ilé iṣẹ́ gbé e sí kò burú fún wọn níbi tí wọ́n wà. Àmọ́ oòrùn Agbonou kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, àwọ̀ ara wa kọ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi dán an wò. Ẹni tó di kámẹ́rà mú ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe, ojú ènìyàn ló sì gbọ́dọ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Ohun tí kọ́ńtírásì jẹ́

Kọ́ńtírásì ni àlàfo tó wà láàárín ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn nínú àwòrán. Bí a bá gbé e sókè, ibi tó mọ́lẹ̀ yóò túbọ̀ funfun, ibi tó dúdú yóò túbọ̀ dúdú, àwọ̀ aṣọ yóò sì máa ta sí ni lójú. Bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn yóò sún mọ́ra. Àwòrán yóò rọ̀, bó bá sì pọ̀ jù, yóò ṣá.

Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà gbà wọlé. Ihò lẹ́ńsì àti ìyára ìlẹ̀kùn kámẹ́rà ló ń pinnu ìyẹn. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni pé ẹ gba púpọ̀ tàbí ẹ gba díẹ̀. Kọ́ńtírásì ni bí ẹ ṣe pín ohun tí ẹ ti gbà.

Pípín yìí kì í ṣe eré. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí ẹ gbé kọ́rùn yẹn ń ka ìmọ́lẹ̀ sí ìpele 4,096, àwọn mìíràn sì ń kà á dé 16,384. Ṣùgbọ́n fótò JPEG tó ń bọ́ sórí káàdì yín kò ní ju ìpele 256 lọ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú pupa, ewéko àti búlúù. Ìyókù ńkọ́? Kámẹ́rà ti fún wọn pọ̀, ó sì ti da òmíràn nù kí ẹ tó gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnì. Ìlà kọ́ńtírásì wà lára àṣẹ tó ń tẹ̀ lé láti mọ èyí tí yóò fi sílẹ̀. Tí ẹ kò bá pàṣẹ, ẹlòmíràn ti bá yín pa á.

Àwọn àgbà ti ń ṣe é tipẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn rí, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Bébà fótò ní nọ́ńbà nígbà náà: èyí tó rọ̀ jù ní nọ́ńbà kékeré, èyí tó le jù ń dé 5. Bí ọ̀gá bá gbé fíìmù sókè sójú iná tó rí i pé oòrùn ọ̀sán ti ya dúdú àti funfun rẹ̀ sọ́tọ̀ jìnnà, bébà rírọ̀ ni yóò fà yọ. Bó bá jẹ́ fíìmù tí a yà nígbà ọyẹ́, tí gbogbo rẹ̀ ṣá, bébà líle ni yóò mú. Àwọn kan tilẹ̀ ń tún un ṣe ṣáájú ìyẹn: wọ́n ń dín àkókò tí fíìmù fi wà nínú omi kẹ́míkà kù kí ó lè rọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1940, Ansel Adams àti Fred Archer ní Amẹ́ríkà sọ ọgbọ́n yìí di ẹ̀kọ́ tó ní ìlànà. Wọ́n pín ìmọ́lẹ̀ sí ìpele 11, láti dúdú tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ dé funfun tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ayàwòrán láti pinnu, kó tó tẹ bọ́tìnì, ìpele tó fẹ́ kí ojú ènìyàn bọ́ sí.

Nílẹ̀ Áfíríkà tiwa, Seydou Keïta ní Bamako ṣí sítúdíò rẹ̀ ní 1948, àgbàlá ló sì ti ń ya ọ̀pọ̀ oníbàárà, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, pẹ̀lú aṣọ tó ta sẹ́yìn wọn. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ dáadáa: aṣọ alárànbarà níwájú, aṣọ alárànbarà lẹ́yìn, síbẹ̀ ojú kò sọnù sáàárín wọn. Ní Nàìjíríà, J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin ní 1968, ó sì ya nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan kó tó di olóògbé ní 2014. Ẹ̀yìn orí ló sábà ń yà, ní dúdú àti funfun, níwájú ògiri tí kò ní nǹkan kan lára. Irun dúdú lórí awọ dúdú: bí kọ́ńtírásì bá ga jù, orí yóò di òkúta dúdú kan, kò sí ẹni tí yóò mọ ibi tí ìlà irun gbà. Bó bá kéré jù, irun kò ní dán. Ojeikere rí àárín rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè ka ìlà irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kámẹ́rà ayé òde òní kò mú ìpinnu yìí kúrò. Ó kàn gbé e láti inú yàrá òkùnkùn wọ inú mẹ́nù ni, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti rí i mọ́.

Ta ló pinnu fún wa?

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn tó ṣẹlẹ̀ níbí dáhùn. Ojú irin tí àwọn Jámánì là láti Lomé dé Agbonou ní 1911. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1913, Hans Schomburgk, arìnrìn-àjò ará Jámánì, kó àwọn tó ń ṣe sinimá wá sí Tógò. Meg Gehrts, òṣèré wọn, wà níbẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí ìrìn àjò náà, èyí tó jáde ní 1915. Ọkọ̀ ojú irin yìí ni wọ́n gbà wá sí Kamina, lẹ́bàá wa níbí, kí wọ́n tó kọrí sí ìhà Sokodé.

Fíìmù tí wọ́n ń lò nígbà náà kì í rí pupa. Ó ń rí búlúù, ó ń rí ewéko díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá pọ́n lójú ènìyàn, dúdú ni lójú rẹ̀. Àwọ̀ ara wa sì rèé, nínú pupa ni ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà pọ̀ sí jù. Nítorí náà, ẹni tó pọ́n bí epo, fíìmù náà yóò sọ ọ́ di dúdú kirikiri. Sánmà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì funfun báláú. Kò dìgbà tí ẹni tó ń yí ẹ̀rọ náà bá kórìíra wa. Fíìmù ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló fọ́jú sí ohun tí ojú wa fi ń tàn.

Nígbà tí fíìmù aláwọ̀ dé, ọ̀rọ̀ náà kò tán. Kodak ní káàdì kan tó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ fótò, kí wọ́n lè fi tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan ló wà lórí rẹ̀, "Shirley" ni wọ́n sì ń pe káàdì náà. Bí awọ Shirley bá ti dára, iṣẹ́ ti dára nìyẹn. Lorna Roth, onímọ̀ kan ní Kánádà, tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 2009. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi wà lára àwọn tí ẹjọ́ wọn mú kí Kodak wá nǹkan ṣe sí bí fíìmù ṣe ń rí àwọ̀ igi àti àwọ̀ ilẹ̀, nítorí ọjà wọn kò hàn dáadáa. Àga rí olùgbèjà kí ènìyàn tó rí.

Ní South Africa, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ìgbà náà ń lo kámẹ́rà Polaroid láti ya fótò ìwé ìdánimọ̀ tí wọ́n fi ń ká àwọn ènìyàn dúdú lọ́wọ́ kò. Ọ̀kan nínú kámẹ́rà náà, ID-2, ní bọ́tìnì kan tó ń fi agbára kún fíláàṣì, èyí tó lè mú kí ojú dúdú hàn. Àwọn òṣìṣẹ́ Polaroid méjì ní Amẹ́ríkà, Caroline Hunter àti Ken Williams, gbé ìjà dìde sí òwò náà ní 1970. Ọdún 1977 ni Polaroid tó kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ẹ wo bí ayé ti rí: ẹ̀rọ tó fẹ́ mọ ojú wa láti fi mú wa ti mọ bí a ṣe ń ṣe é, nígbà tí èyí tó yẹ kó ya ìgbéyàwó wa kò tíì mọ̀ ọ́n.

Nǹkan ti ń yí padà. Ní 2021, Google gbé fóònù Pixel 6 jáde, ó sì kéde pé òun ti tún kámẹ́rà rẹ̀ ṣe kó lè ya àwọ̀ ara oríṣiríṣi bó ṣe rí. Ó dára. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó wà lọ́rùn yín kò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ gbé òun dání, àgàgà èyí tí ẹ rà ní àlòkù.

Òṣùwọ̀n tiwa

Bí a kò bá fẹ́ òṣùwọ̀n ilé iṣẹ́, kí la ó fi rọ́pò rẹ̀? Àwọn baba wa ti fi èsì sílẹ̀. Robert Farris Thompson, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, bi àwọn ènìyàn ilẹ̀ Yorùbá léèrè ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tó dára, ó sì tẹ ìdáhùn wọn jáde ní 1973. Lára ohun tí wọ́n dárúkọ ni ìfarahàn: kí ojú, etí àti ìka ọwọ́ hàn gbangba, kí ọ̀kan má rì sínú èkejì. Wọ́n tún dárúkọ dídán: kí ara ère máa kọ mànà, kí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji jọ wà níbẹ̀.

Ẹ gbé méjèèjì lé kámẹ́rà. Bí kọ́ńtírásì bá ga jù, ìfarahàn ló ń sọnù, nítorí ihò ojú, abẹ́ àgbọ̀n àti ilà ojú yóò wọ òkùnkùn lọ. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, dídán ló ń sọnù. Awọ yóò kú, yóò dà bí ẹni pé ara onítọ̀hún kò yá. Ibi tí ìfarahàn àti dídán bá ti pàdé ni kí ẹ gúnlẹ̀ sí. Mo mọ ọ̀pọ̀ ìwé tó ń kọ́ni ní kámẹ́rà. N kò tíì rí èyí tó ṣàlàyé rẹ̀ yé mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, náà wá sí Ìlá Ọ̀ràngún ní Nàìjíríà, ó sì kọ̀wé ní 1978 lórí ọ̀nà tí àwa Yorùbá gbà ń ya fótò. Ó rí i pé àgbà máa ń jókòó gbọn-in, á kọjú sí kámẹ́rà, á gbé ọwọ́ lé orúnkún, ojú méjèèjì á sì hàn. Ó tún rí i pé bí ìbejì kan bá ti lọ, wọ́n a ya èyí tó kù, ayàwòrán a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Fótò tó ń dúró fún ọmọ tó ti lọ kì í ṣe ohun tí a ń ṣe ṣákálá. Ìyá tó bá gbé irú rẹ̀ lọ́wọ́ kò ní wo aṣọ. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìmọ́lẹ̀ Agbonou, lọ́kọ̀ọ̀kan

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sójú iṣẹ́. Canon sábà ń pín kọ́ńtírásì láti −4 dé +4. Ọ̀pọ̀ Nikon àti Sony ń pín in láti −3 dé +3. Lórí Canon, inú "Style d'image" lẹ ó ti bá a. Lórí Nikon, inú "Picture Control". Fujifilm pín tirẹ̀ sí ọ̀nà méjì, ibi ìmọ́lẹ̀ lọ́tọ̀, ibi òjìji lọ́tọ̀, èyí sì wúlò fún wa púpọ̀, nítorí ẹ lè mú òjìji ojú rọ̀ láìfọwọ́ kan dídán iwájú orí.

Ọ̀sán gangan ló le jù. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán ń dúró sí àárín orí wa gẹ́ẹ́ ní agbègbè yìí. Etí fìlà yóò ta òjìji bo ojú, gèlè yóò bo ojú, egungun iwájú orí pàápàá yóò bo ojú. Ìmọ́lẹ̀ inú ibòji lè má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti gbangba oòrùn lọ. Ní àkókò yìí, ẹ rẹ kọ́ńtírásì sílẹ̀ dé −2. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé aṣọ funfun tàbí páálí funfun sísàlẹ̀ níwájú ẹni tí ẹ ń yà, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sábẹ́ fìlà. Mẹ́nù nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ tí páálí yóò ṣe.

Ẹ̀ẹ̀rùn tí ọyẹ́ ń fẹ́ yàtọ̀. Eruku inú afẹ́fẹ́ ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, òkè Atakpamé á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, gbogbo àwòrán ibi jíjìn á ṣá. Níbẹ̀, +1 tàbí +2 ló tọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ya ojú ènìyàn tó wà nítòsí yín, eruku tó wà láàárín yín kò tó nǹkan, ẹ dá kọ́ńtírásì padà sí 0. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé èyí: wọ́n á gbé e sókè nítorí òkè, wọ́n á sì fi ya ọmọ.

Nígbà òjò, tí sánmà ṣú, ìmọ́lẹ̀ ti rọ̀ fúnra rẹ̀. 0 dára, +1 kò burú. Fótò ìdánimọ̀ fún páṣípọ́ọ̀tù, ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Doc 9303 fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kárí ojú dọ́gba, kí òjìji má sí lójú tàbí lára ògiri ẹ̀yìn. Ẹ fi sí 0 tàbí −1, kí ẹ má sì ṣe tan fíláàṣì lu ojú ní tààrà. Bí àjà ilé bá funfun, òkè àjà ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Ìyàwó, ọkọ àti eléré orí igi

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ méjì tí gbogbo yín mọ̀, ká wò wọ́n fínnífínní.

Èkíní ni tọkọtaya tó jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì ní aago méjìlá. Ìyàwó wọ gáùn funfun, ọkọ wọ kóòtù dúdú, àwọn méjèèjì sì dúdú mínijọ̀. Gáùn yẹn lè dá ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ padà. Awọ tó dúdú dáadáa lè má dá ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kóòtù kò tilẹ̀ dá tó bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà kò mọ ìyàwó, kò mọ ọkọ. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ayé ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 padà, bó bá sì ti rí gáùn tó kún ojú rẹ̀, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, yóò dín in kù. Ojú méjèèjì yóò ṣókùnkùn. Bí kọ́ńtírásì bá tún wà lókè, òkùnkùn yẹn yóò di dúdú pátápátá.

Ẹ kó wọn kúrò nínú oòrùn lọ sí ibòji tí ìmọ́lẹ̀ kan náà ti kárí wọn. Ẹ fi kọ́ńtírásì sí −2. Ẹ tan àmì tó ń ṣẹ́jú níbi tí funfun ti kọjá ààlà. Ẹ máa fi ìmọ́lẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀ títí gáùn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú, kí ẹ wá padà ní ìgbésẹ̀ kékeré kan. Lésì ara gáùn yóò hàn, ojú yóò sì ti gòkè dé ibi tó lè dé. Bí kò bá tíì tó, ẹ fi fíláàṣì kékeré kún un, kí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti kọjá ààlà kò ṣeé gbà padà. Òjìji ṣì ṣeé gbé sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé hóró-hóró yóò yọ lára rẹ̀ bí a bá gbé e jù.

Èkejì ni Tchébé, ijó àgéré tí Atakpamé fi gbayì. Eléré dúró lórí igi gíga, ẹ̀yin wà nílẹ̀, sánmà funfun ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá yà á bẹ́ẹ̀, òjìji dúdú tó ń jó lẹ ó rí, kò sí ojú, kò sí aṣọ. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí i ká títí oòrùn yóò fi wà lẹ́yìn yín. Bí èrò bá pọ̀ tí ẹ kò rí ọ̀nà, ẹ sọ fún kámẹ́rà kó wọn ìmọ́lẹ̀ láti ojú kékeré àárín nìkan, kí ẹ gbé ojú yẹn lé àyà eléré, tàbí kí ẹ fi +1 sí +2 kún ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Ẹ rẹ kọ́ńtírásì sí −2 tàbí −3. Sánmà yóò funfun jù, ẹ jẹ́ kó funfun. Kò sí ẹni tó ra fótò Tchébé nítorí sánmà.

Mo mọ̀ pé òjìji eléré lójú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ lẹ́wà. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn, ẹ gbé kọ́ńtírásì sókè, kó dúdú bí ó bá ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ, kó má jẹ́ pé kámẹ́rà ló fi tipátipá gbé e lé yín lọ́wọ́.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta

Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe gba ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà gbọ́ lọ́sàn-án. Nínú oòrùn, gbogbo fótò ló ń dà bí èyí tó ṣókùnkùn. Nínú yàrá, gbogbo wọn ló ń dán. Àwòrán òkè-àti-gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní histogram ni kí ẹ wò. Apá òsì ni òkùnkùn, apá ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀. Bó bá gun ògiri ọ̀tún, funfun ti sọnù. Bó bá kó jọ sí òsì, òkùnkùn ti gbé nǹkan mì.

Èkejì, àwọn kámẹ́rà kan ní ìrànlọ́wọ́ tó ń gbé òjìji sókè fúnra rẹ̀: Nikon ń pe tirẹ̀ ní Active D-Lighting, Canon ní Auto Lighting Optimizer, Sony ní DRO. Wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ bóyá wọ́n wà ní títàn tàbí ní pípa. Lórí àwọn Nikon kan, bí Active D-Lighting bá ti wà ní títàn, mẹ́nù kò ní jẹ́ kí ẹ yí kọ́ńtírásì rárá, ọmọ iṣẹ́ á sì rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta wà fún àwọn tó ń ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀ di JPEG. Kọ́ńtírásì inú mẹ́nù kò kan RAW fúnra rẹ̀. Àwòrán tó ń hàn lójú kámẹ́rà àti histogram ló ń yí padà. Síbẹ̀, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí histogram lè sọ òótọ́ fún yín nípa ohun tó wà nínú fáìlì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya JPEG, tiyín tún ṣe kókó jù. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ mọ iṣẹ́ aró yóò bá mi jẹ́rìí: aṣọ tí kò tíì dúdú tó, a lè tún un rẹ; èyí tó bá ti dúdú jù, ìkòkò aró kò lè gbà á padà. Ẹ yà á kó rọ̀, kí ẹ fi kọ̀ǹpútà fi kún un nílé.

Ọ̀rọ̀ nípa bíbó àwọ̀

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ìwọ ń kọ́ wọn láti sọ dúdú di pupa." Rárá o. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí a rí ojú àti kí a bó ojú. Àwọn ètò kan wà nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà tó ń fọ àwọ̀ ara títí ìyá ọmọ kò fi ní dá ọmọ mọ̀. Oníbàárà ló ń bèèrè rẹ̀ nígbà mìíràn, mo mọ̀, owó sì ni a ń wá. Ṣùgbọ́n rírẹ kọ́ńtírásì sílẹ̀ kò sọ ẹni dúdú di ẹni pupa. Ó ń jẹ́ kí dúdú rẹ̀ ní ìpele: kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yàtọ̀ sí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ètè yàtọ̀ sí irùngbọ̀n. Ẹni tó dúdú mínijọ̀ ní àwọ̀ púpọ̀ lójú rẹ̀; kámẹ́rà tí a kò tún ṣe ló ń sọ gbogbo wọn di ẹyọ kan. Bí oníbàárà bá rí ara rẹ̀ dáadáa ní dúdú rẹ̀, tó dán, tó hàn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní bèèrè fún bíbó mọ́.

Ìparí

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí. Kí ọmọ iṣẹ́ kan tó gba libération, ìyẹn òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá, kí ìdílé rẹ̀ tó se oúnjẹ, kí wọ́n tó wọ aṣọ ẹgbẹ́, ẹ gbé e lọ síta ní aago méjìlá ọ̀sán. Ẹ fún un ní ẹni tó dúdú tó wọ aṣọ funfun, kí ẹ ní kó yà á láìlo kọ̀ǹpútà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà aṣọ, tí ẹ sì rí ojú méjèèjì lórí bébà tí a tẹ̀, ọmọ náà ti mọ iṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dá a dúró díẹ̀ sí i, kì í ṣe ìyà.

Ẹ̀yin aráàlú tí ẹ ń sanwó, ẹ má ṣe gba fótò tí aṣọ yín ń tàn tí ojú yín ṣókùnkùn. Ẹ dá a padà pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ ní kí wọ́n tún un yà. Ayàwòrán tó bá gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yóò wá ìlà kékeré yẹn rí nínú mẹ́nù rẹ̀.

 Bí ìbéèrè bá wà, ẹ gbé kámẹ́rà yín wá síwájú, ká jọ ṣí mẹ́nù rẹ̀.